Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, tó sì ń fúnni ní insulin fúnra rẹ̀: Ohun tó yẹ kí aláìsàn àtọ̀gbẹ nílẹ̀ Ẹ̀gbá mọ̀

Ẹni tó bá ní irú àtọ̀gbẹ tó gba pé kó máa gún abẹ́rẹ́ insulin lójoojúmọ́ mọ̀ pé iṣẹ́ náà kì í tán. Kó tó jẹun, á gún ìka láti mọ iye ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Á ṣírò iye insulin tó yẹ kó gbà. Lẹ́yìn náà, á gún abẹ́rẹ́. Bó bá sùn lọ lóru, kò sí ẹni tó ń bá a wò ó, bẹ́ẹ̀ òru gan-an ni ṣúgà máa ń já wálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura.

Ní báyìí, ẹ̀rọ ti wà tó so iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ó ń ka ṣúgà ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ó ń ṣírò, ó sì ń fún ara ní insulin bó ṣe yẹ, tọ̀sán tòru. Ní England, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba, NHS, bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní ní ẹ̀rọ yìí láti oṣù Kẹrin ọdún 2024, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìdílé tó bá ní èèyàn nílùú ọba lè ti gbọ́ nípa rẹ̀, kí wọ́n sì máa bi ara wọn pé: ṣé irú rẹ̀ lè dé Abẹ́òkúta? Èló ni? Ṣé ó sì yẹ kí bàbá tàbí màmá tó ní ṣúgà nílé lò ó?

Àlàyé rèé.

Àtọ̀gbẹ kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo

Oúnjẹ tí èèyàn bá jẹ, ìbáà ṣe láfún pẹ̀lú ewédú, ìrẹsì Ọ̀fadà, ẹ̀bà tàbí búrẹ́dì, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ ló ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Insulin ló dà bí kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà náà láti wọnú ara, kó sì di agbára. Ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn ikùn, tí àwọn dókítà ń pè ní pancreas, ló ń ṣe insulin.

Nínú àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní, àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó máa dáàbò bo ara ló dojú ìjà kọ pancreas, tí wọ́n sì ba ibi tó ń ṣe insulin jẹ́. Ọmọdé àti ọ̀dọ́ ló sábà máa ń kọlù, àmọ́ àgbàlagbà náà lè ní in. Ẹni tó bá ní irú èyí kò lè wà láàyè láìgba insulin. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ó jẹ ṣúgà jù, kì í sì í ṣe àfọwọ́fà òbí rẹ̀.

Nínú oríṣi kejì, insulin ṣì wà, ṣùgbọ́n ara kì í dá a lóhùn dáadáa mọ́, tàbí kó má tó nǹkan mọ́. Oríṣi kejì yìí ló wọ́pọ̀ jù: nínú èèyàn 100 tó ní àtọ̀gbẹ káàkiri àgbáyé, ó lé ní 90 tó jẹ́ pé òun ni wọ́n ní. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń lo oògùn oníhóró, àwọn kan sì ń gba insulin.

Àìsàn náà ń pọ̀ sí i nílẹ̀ yìí. Ìwádìí tí ìgbìmọ̀ tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládipọ̀ Akínkugbé darí gbé jáde lọ́dún 1997 sọ pé àgbàlagbà 2.2 nínú 100 ló ní i ní Nàìjíríà. Nígbà tí àwọn oníwádìí mìíràn kó àbájáde ìwádìí lóríṣiríṣi pọ̀ lọ́dún 2018, iye náà ti sún mọ́ 6 nínú 100.

Láti Toronto dé orí ìgbànú

Kó tó di ọdún 1922, ikú ni àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní máa ń já sí fún ọmọdé, láàrin oṣù díẹ̀ tàbí ọdún kan sí méjì. Lọ́dún 1921 ni Frederick Banting àti Charles Best rí insulin fà yọ nínú pancreas ajá, nínú yàrá ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n John Macleod ní Toronto, lórílẹ̀-èdè Kánádà. James Collip ló bá wọn sẹ́ ẹ mọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 1922, wọ́n fún ọmọ ọdún 14 kan, Leonard Thompson, lábẹ́rẹ́ náà. Òun lẹni àkọ́kọ́. Ó yè é. Àwọn tó rí insulin náà ta ẹ̀tọ́ wọn lórí rẹ̀ fún Yunifásítì Toronto ní dọ́là kan ṣoṣo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, torí wọn ò fẹ́ kó di ohun tí olówó nìkan máa rí lò.

Ìrònú pé kí ẹ̀rọ máa ṣe iṣẹ́ pancreas náà ti pẹ́. Ní àwọn ọdún 1960, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Arnold Kadish, ṣe ẹ̀rọ kan tó tóbi tó báàgì tí èèyàn ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Kò ṣeé gbé jáde lọ sọ́jà. Lọ́dún 1999 ni àjọ FDA, tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí NAFDAC ń ṣe níbí, kọ́kọ́ fọwọ́ sí ẹ̀rọ tó lè máa ka ṣúgà léraléra lábẹ́ awọ. Lọ́dún 2014, iléeṣẹ́ Abbott gbé FreeStyle Libre jáde ní Yúróòpù, èyí tí kò gba pé kéèyàn máa fi ẹ̀jẹ̀ ìka ṣàtúnṣe rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, FDA fọwọ́ sí MiniMed 670G ti iléeṣẹ́ Medtronic. Ìyẹn ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà láyè pé kó máa fi ohun tó bá kà pinnu iye insulin tó máa fún èèyàn.

Àwọn aláìsàn kan ò tiẹ̀ dúró de iléeṣẹ́. Dana Lewis, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní, pẹ̀lú àwọn tó ràn án lọ́wọ́, so ẹ̀rọ tó ń ka ṣúgà rẹ̀ mọ́ pọ́ǹpù insulin rẹ̀, wọ́n kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí wọn, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 2015 kí ẹlòmíràn lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. OpenAPS ni wọ́n pè é.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Nǹkan mẹ́ta ló para pọ̀ di ẹ̀rọ yìí.

Àkọ́kọ́ ni sensor. Ohun kékeré kan ni, tí kò tóbi ju owó ẹyọ lọ púpọ̀, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn apá tàbí ikùn. Okùn tín-ín-rín kan tó kéré ju abẹ́rẹ́ lọ máa ń wọ abẹ́ awọ. Kẹ́míkà tó wà lára okùn náà ló ń bá ṣúgà tó wà nínú omi abẹ́ awọ ṣiṣẹ́, tí ẹ̀rọ fi ń mọ iye rẹ̀. Èyí tó bá ń kà á ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún yóò kà á nígbà 288 láàrin wákàtí 24. Ẹni tó ń gún ìka nígbà mẹ́rin lójúmọ́ ń rí àwòrán mẹ́rin péré. Ẹni tó ní sensor ń wo fíìmù odidi ọjọ́ kan. Sensor kan máa ń lo ọjọ́ 10 sí nǹkan bíi ọjọ́ 15, èyí wà lọ́wọ́ irú rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á yọ ọ́ dànù.

Èkejì ni pọ́ǹpù. Ó tó fóònù kékeré, insulin tó máa ń yára ṣiṣẹ́ ló sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń gbé insulin láti inú rẹ̀ lọ sábẹ́ awọ. Àwọn kan ò ní ọ̀pá rárá, ńṣe ni wọ́n ń lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ara. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni wọ́n máa ń pààrọ̀ ibi tó wọlé sí lára.

Ẹ̀kẹta, tí ojú kò rí, ni ìṣirò. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà nínú pọ́ǹpù tàbí nínú fóònù, tó ń gba ohun tí sensor rí, tó sì ń pàṣẹ fún pọ́ǹpù. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé agogo mẹ́ta òru lu, ṣúgà wà ní 110, ó sì ń já wálẹ̀ kíákíá. Ẹni tó sùn kò mọ̀. Ètò náà á rí i pé bó bá ń lọ báyìí, ṣúgà á ti wà nísàlẹ̀ 70 láàrin ààbọ̀ wákàtí, á sì dá insulin dúró tàbí kó dín in kù. Bó bá rí i pé ó ti di 190, tó sì ń gòkè, á fi kún un. Bí ewu bá ń bọ̀, á dún, á sì jí ẹni náà. Àwọn kan tún lè ránṣẹ́ sí fóònù ìyá tàbí bàbá tó wà ní yàrá kejì.

Láti lè yé gbogbo èèyàn: ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò jù nílẹ̀ wa ń fi mg/dL ka ṣúgà. Fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gba insulin, ibi tí àwọn dókítà fẹ́ kó wà ni àárín 70 sí 180. Bó bá ti wà nísàlẹ̀ 70, ó ti lọ sílẹ̀ jù. Nísàlẹ̀ 54, ewu ti dé: èèyàn lè dàrú lọ́kàn, kó dákú, kí gìrì sì gbé e.

Kí nìdí tí wọn ò fi lè gbàgbé rẹ̀ pátápátá?

Àwọn dókítà kì í pe ẹ̀rọ yìí ní pancreas gidi. Nínú ọ̀pọ̀ lára wọn, ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣì gbọ́dọ̀ sọ fún un pé òun fẹ́ jẹun, àti bí oúnjẹ náà ṣe pọ̀ tó. Ìdí ni pé insulin tí wọ́n fi sábẹ́ awọ kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń tó nǹkan bíi ìṣẹ́jú 15 kó tó bẹ̀rẹ̀, ó sì tún máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ kó tó lágbára dáadáa. Ẹ̀bà kò ní dúró dè é. Sensor náà máa ń pẹ́ díẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀, bíi ìṣẹ́jú 5 sí 10, torí omi abẹ́ awọ ló ń kà, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀.

Síbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2019 nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine, wọ́n tẹ̀ lé èèyàn 168 tó ní oríṣi kìíní fún oṣù mẹ́fà. Àwọn tó lo ẹ̀rọ tó so sensor, pọ́ǹpù àti ìṣirò pọ̀ kúrò lórí wíwà láàrin 70 sí 180 fún ìdá 61 nínú 100 àkókò wọn, wọ́n bọ́ sí ìdá 71. Àwọn tó lo sensor àti pọ́ǹpù láìsí ìṣirò tó ń darí wọn dúró sí ìdá 59. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ wákàtí méjì àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ lójúmọ́, òru ló sì ti hàn jù.

Irú èyí ló mú kí NICE, àjọ tó ń gba NHS nímọ̀ràn, fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Ọdún márùn-ún ni wọ́n là kalẹ̀ láti pín in ká England, torí náà kì í ṣe ọjọ́ kan ni yóò kárí. Ohun kan wà tí àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lọ́hùn-ún gbọ́dọ̀ mọ̀: àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún lórí ìtọ́jú àwọn ọmọdé tó ní àtọ̀gbẹ níbẹ̀ ti fi hàn léraléra pé àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú kì í tètè rí pọ́ǹpù àti sensor gbà bíi ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Òbí tí wọn ò bá tíì sọ fún lè béèrè lọ́wọ́ dókítà ọmọ rẹ̀.

Ibi tí ẹ̀rọ ti lè já èèyàn kulẹ̀

Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ sábà máa ń ní insulin méjì: èyí tó ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ àti èyí tó wà fún oúnjẹ. Pọ́ǹpù kì í lo èyí tó ń pẹ́ lára. Bí ọ̀pá rẹ̀ bá dí, tó bá yọ, tàbí tí bátìrì bá kú, kò ní sí insulin kankan lára mọ́ láàrin wákàtí díẹ̀. Ara á bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀rá, ẹ̀jẹ̀ á sì kún fún oró kan tí wọ́n ń pè ní ketone. Ìyẹn lè pa èèyàn. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń lo pọ́ǹpù fi gbọ́dọ̀ ní abẹ́rẹ́, insulin àti ẹ̀rọ ìgúnka nílé nígbà gbogbo.

Ní Abẹ́òkúta, ìbéèrè yìí wúwo ju ti London lọ. Bí insulin tàbí ọ̀pá pọ́ǹpù bá tán lọ́jọ́ Àìkú, níbo ni wọ́n ti máa rí òmíràn kí ilẹ̀ tó ṣú?

Èló ló máa ná èèyàn?

Iye owó ń yí padà bí dọ́là ṣe ń yí, torí náà ó sàn kéèyàn ka iye ohun tó máa lò. Bí sensor kan bá ń lo ọjọ́ 14, ẹnì kan nílò 26 lọ́dún. Bó bá ń pààrọ̀ ọ̀pá pọ́ǹpù ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, yóò nílò bíi 122 lọ́dún. Ẹ fi owó pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ àti insulin kún un. Ẹni tó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ fi iye tí wọ́n bá pè fún un lọ́jà ṣe ìsọdipúpọ̀, kó má baà jẹ́ pé oṣù méjì ni yóò lò ó kí owó tó tán.

Òkè òkun ni wọ́n ti ń kó gbogbo nǹkan wọ̀nyí wá. Láti ìgbà tí ìjọba ti jẹ́ kí náírà máa lọ bí ọjà bá ṣe fẹ́ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni owó oògùn ti ń ga. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, iléeṣẹ́ GSK kéde pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí àṣẹ tó mú owó orí kúrò lórí àwọn ohun èlò kan tí wọ́n fi ń ṣe oògùn àti ohun èlò ìlera, kí wọ́n lè túbọ̀ máa ṣe wọ́n nílé. Àmọ́ èyí kò sọ pọ́ǹpù di ohun tí tálákà lè rà.

Òfin ètò adójútòfò ìlera tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 sọ pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní adójútòfò ìlera. Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ní àjọ tirẹ̀, OGSHIA. Ẹni tó bá wà lórí ètò kan lè béèrè ìbéèrè mẹ́ta: ṣé wọ́n ń san owó insulin? Ṣé wọ́n ń san owó bébà àyẹ̀wò ìka? Ṣé wọ́n ń san owó àyẹ̀wò HbA1c, èyí tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn? Ẹni tí wọn ò bá san mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí fún, ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù ṣì jìnnà sí i.

Iná, oòrùn àti ìkòkò amọ̀

Insulin tí wọn ò tíì ṣí fẹ́ kí ibi tó wà tutù, láàrin 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kò gbọ́dọ̀ dì bíi yìnyín. Nílé tí iná ti ń lọ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, fíríìjì kì í ṣe ohun téèyàn lè gbára lé.

Ìwádìí kan tí àjọ àwọn dókítà tí kò mọ ààlà, MSF, àti Yunifásítì Geneva gbé jáde lọ́dún 2021 mú ìtura díẹ̀ wá. Wọ́n wo bí ooru ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ nínú ilé àwọn tó sá fógun ní Dadaab, lórílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, wọ́n sì dán insulin wò nínú irú ooru bẹ́ẹ̀, láàrin 25 sí 37, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Agbára rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú fíríìjì. Ìwádìí mìíràn lórí ìkòkò amọ̀ tí wọ́n ń lò láwọn orílẹ̀-èdè tó gbóná náà fi hàn pé ìkòkò máa ń mú kí ibi tí insulin wà tutù ju inú yàrá lọ. Ohun tí àwọn ìyá àgbà fi ń mú omi amù tutù náà ni: kí wọ́n ki ìkòkò kékeré bọ ńlá, kí wọ́n fi yanrìn tútù sáàrin, kí insulin wà nínú ọ̀rá tó gbẹ nínú ti kékeré, kí wọ́n sì gbé e sí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí.

Insulin tó wà nínú pọ́ǹpù náà ń sá fún ooru. Ẹni tó bá ń tajà lóòrùn ní Kútọ̀ tàbí Láfẹ́nwá, tàbí tó ń wakọ̀ tí kò ní èéfín tútù, gbọ́dọ̀ fi aṣọ bo pọ́ǹpù rẹ̀, kó má sì fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò. Òógùn náà lè mú kí sensor bó kúrò lára, torí náà wọ́n máa ń fi bándéèjì sí i lórí.

Ẹ ṣọ́ra fún aago tó ní òun ń ka ṣúgà

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, FDA kìlọ̀ fún aráàlú pé kí wọ́n má lo aago ọwọ́ tàbí òrùka tó bá ní òun lè fúnra òun ka ṣúgà láìwọ inú awọ ara. Àjọ náà sọ pé òun kò tíì fọwọ́ sí ìkankan nínú wọn. Èyí yàtọ̀ sí aago tó kàn ń ṣàfihàn ohun tí sensor gidi tó wà lára èèyàn kà. Aago tí FDA kìlọ̀ nípa rẹ̀ lè sọ pé ṣúgà jẹ́ 100 nígbà tó jẹ́ 300, tàbí kó sọ pé ó ga nígbà tó ti já. Ẹni tó bá fi í gún insulin ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ SS tàbí AS gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí

Ara sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ni àyẹ̀wò HbA1c ti ń mọ bí ṣúgà ṣe rí. Sẹ́ẹ̀lì pupa máa ń lo nǹkan bíi ọjọ́ 120, ṣùgbọ́n ti ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ SS máa ń kú láàrin ọjọ́ 10 sí 20. Torí náà, HbA1c rẹ̀ lè sọ pé gbogbo nǹkan dára nígbà tí kò dára. Ó lè ṣini lọ́nà fún ẹni tó ní AS náà, bí ọ̀nà tí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò náà kò bá bá a mu. Sensor kò gbára lé sẹ́ẹ̀lì pupa, ìyẹn sì lè jẹ́ kó wúlò gan-an fún wọn.

Àmọ́ ewu kan wà níbẹ̀. Hydroxyurea, oògùn tí ọ̀pọ̀ aláìsàn SS ń lò, máa ń mú kí àwọn sensor kan sọ pé ṣúgà ga ju bó ṣe wà lọ. Bí irú sensor bẹ́ẹ̀ bá so mọ́ pọ́ǹpù, pọ́ǹpù á máa rọ insulin sí ara ẹni tí kò nílò rẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn náà gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó lẹ ohunkóhun mọ́ ara. Vitamin C tó pọ̀ gan-an náà lè da àwọn sensor kan lọ́kàn rú.

Kí ni ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká ẹ̀rọ lè ṣe?

Iṣẹ́ mẹ́ta tí ẹ̀rọ náà ń ṣe, kíkà, ìṣirò àti fífúnni ní oògùn, kò di ohun tí kò ṣeé ṣe torí pé kò sí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ìgúnka, ìwé kékeré kan àti péènì insulin lè so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, bí wọ́n bá ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí dókítà nílò ni kó rí aago, ohun tí wọ́n jẹ, iye ṣúgà àti iye insulin ní ìlà kan. Bí bébà àyẹ̀wò kò bá pọ̀, kí wọ́n máa yí àkókò padà: lónìí kí wọ́n kà á láàárọ̀ àti lálẹ́, lọ́la kó jẹ́ kí wọ́n tó jẹ oúnjẹ ọ̀sán àti kí wọ́n tó sùn. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan, àwòrán gidi á ti yọ.

Ọ̀nà kejì ni láti lo sensor kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n tó lọ rí dókítà, tàbí nígbà tí wọ́n fẹ́ yí oògùn padà, tàbí kí ẹni tó ń gba insulin tó pinnu lórí ààwẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn lè fi hàn pé agogo méjì òru ni ṣúgà ń já, ohun tí ìgúnka àárọ̀ kò lè sọ láéláé.

Fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ní oríṣi kejì, tí wọ́n ń lo oògùn oníhóró, pọ́ǹpù kì í ṣe ohun tó kàn. Oúnjẹ tó níwọ̀n, rírìn, oògùn tí wọn ò fò, ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń tọ́jú, àti àyẹ̀wò ojú àti ẹsẹ̀ lọ́dọọdún ló máa ṣe wọ́n láǹfààní jù. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ní oríṣi kìíní kò gbọ́dọ̀ torí àgbo tàbí ìlérí ìwòsàn dá insulin dúró, ì báà ṣe fún ọjọ́ kan.

Bí ṣúgà bá já sísàlẹ̀ 70, tí ẹni náà sì lè gbé nǹkan mì, kí wọ́n po ṣúgà síbí kékeré mẹ́ta sí mẹ́rin mọ́ omi fún un, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n tún kà á. Bí kò bá mọ nǹkan mọ́, wọn ò gbọ́dọ̀ da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni.

Àmì tí òbí kò gbọ́dọ̀ fojú fò

Kí ọ̀rọ̀ tó di ti ẹ̀rọ, ọmọ tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ ẹni tí wọ́n mọ̀ pé ó ní i. Ọmọ tó ń mu omi láìdáwọ́ dúró, tó ń tọ̀ léraléra, tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé lẹ́yìn tó ti jáwọ́, tó ń rù bó tilẹ̀ ń jẹun, tí èèrà sì ń ṣù bo ibi tó tọ̀ sí, kí wọ́n yẹ ṣúgà rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá ń bì, tí inú ń run ún, tó ń mí kíákíá, tí òórùn ẹnu rẹ̀ sì dà bí èso tó pọ́n jù, kí wọ́n má sọ pé ibà lásán ni. Ìgúnka kan ṣoṣo ló máa sọ òótọ́, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ní Abẹ́òkúta, wọ́n lè lọ sí Federal Medical Centre ní Ìdí-Àbà, ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ ní Ìjàyè, tàbí Sacred Heart ní Lántòrò, tó ti wà láti ọdún 1895. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣágámù.

Kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ láti òkè òkun

Bí ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ tó wà lókè òkun bá fẹ́ fi sensor tàbí pọ́ǹpù ránṣẹ́ sílé, kí wọ́n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí:

1. Ta ni dókítà tó máa tò ó, tó sì máa tẹ̀ lé e níbí?
2. Ṣé áàpù rẹ̀ máa ṣiṣẹ́ lórí fóònù tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà, àbí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti rà á nìkan ni?
3. Ọjọ́ wo ló máa bàjẹ́, báwo ni ooru ṣe máa rí lára rẹ̀ lójú ọ̀nà?
4. Ṣé ohun tó máa tó ọdún kan ni, àbí ti oṣù kan?
5. Bó bá dákẹ́ lóru, ṣé abẹ́rẹ́ àti insulin wà nílé, ṣé ẹlòmíràn nínú ilé náà sì mọ̀ ọ́n lò?

Bí ìdáhùn sí ìbéèrè kẹrin bá jẹ́ oṣù kan, sensor ọ̀sẹ̀ méjì tí dókítà máa kà, pẹ̀lú owó insulin tó máa tó ọdún kan, ló máa wúlò jù fún ẹni tó wà nílé.